Ẹ fi ṣíbí lé ìyá àgbà lọ́wọ́

Tí ẹ bá fẹ́ kọ eré rédíò lórí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, ẹ má tíì mú bírò. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn ìyálọ́mọ níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé “eyín ló ń hù,” àti pé kí wọ́n má fún ọmọ lómi kí ìgbẹ́ lè dá. Bẹ́ẹ̀ omi ara tó ń gbẹ gan-an ló ń pa ọmọ.

Nínú eré tí mo kọ́kọ́ kọ, mo sọ ìyá ọkọ di òpònú, mo kó gbogbo ọgbọ́n fún nọ́ọ̀sì. Àwọn ìyá àgbà tó gbọ́ ọ ní mo fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jàre.

Ẹni tó wà láàárín méjì, tí kò tíì mọ èwo ni kó ṣe, ni kí ẹ gbé eré lé lórí. Nínú eré Twende na Wakati, tó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò Tanzania ní 1993, Mkwaju tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ń kó obìnrin kiri títí éèdì fi mú un. Ṣùgbọ́n Tunu ìyàwó rẹ̀ ló ń mú olùgbọ́ lọ́kàn: ó fara dà á títí, kó tó fi í sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀.

Nínú eré tí mo wá tún kọ, ìyàwó kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ.” Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ló wá ń kà á sókè. Omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà oní-50cl méjì. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó má baà kún jù, torí iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Ó tọ́ ọ wò: “Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.” Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, ẹ má sáré kọjá ìró ṣíbí yẹn, torí olùgbọ́ ń kà á pẹ̀lú rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì lè wá sọ̀rọ̀ ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀, tó dára ju èyí tí a pò fúnra wa lọ, àti oògùn síǹkì tí ọmọ máa lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ rí i dájú pé wọ́n wà ní ilé ìlera ìlú kí eré tó jáde.

Kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, ẹ kà á sétí ìyá àgbà mẹ́ta. Níbi tí wọ́n bá ti ní “a kì í sọ bẹ́ẹ̀,” ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.