Kí Ló Yẹ Kó Wọ Kúlà Ọmọ Iléèwé?

Wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ẹ tó ro oúnjẹ. Ohun tí ẹ bù ní aago 6 àárọ̀, ọmọ lè má ṣí i títí di aago 11.

Ẹ da omi híhó sínú kúlà, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5, ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu oúnjẹ gbígbóná janjan sí i. Kúlà tútù máa ń sọ oúnjẹ di lílọ́wọ́ọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, dùńdún àti ẹyin sísè dára. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín tètè máa ń kan, nítorí náà ẹ sè é láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀bà ní tirẹ̀, ilé ni kó wà.

Fún ọmọ ọdún 5, ṣíbí ìjẹun ìrẹsì 5 tàbí 6 pẹ̀lú ẹyin kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù nírọ̀lẹ́, kí ẹ dín in tàbí kí ẹ fi kún un. Ẹ yọ egungun ẹja tán. Ẹ̀pà lódindi lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́fun. Ìbẹ́pẹ gbígé, ike ọ̀tọ̀ ni. Bisikíìtì nìkan kì í ṣe oúnjẹ, bí ọmọ tilẹ̀ ń sunkún rẹ̀!