Bẹ́ ẹ ṣe lè tún Terminator 2 wò bíi pé ẹ ò wò ó rí

Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wo Terminator 2. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò la kọ́kọ́ fi wò ó, èyí tí wọ́n ti yá káàkiri àdúgbò títí àwòrán ẹ̀ fi ń gbọ̀n, àwa ọmọdé kún pálọ̀ ẹnìkan fọ́fọ́, ká ṣáà ti rí Arnold. Ariwo la fi wò ó nígbà yẹn, ìdajì ohun tó wà nínú ẹ̀ la ò rí. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo tún jókòó tì í ni mo tó mọ̀ pé àwọn tó ṣe fíìmù yìí ronú gan-an, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ bí èmi ṣe máa ń tún un wò, kí ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín náà lè gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí apá kejì o. Ẹ lọ wá apá kìíní, tọdún 1984, kẹ́ ẹ wò ó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, owó tí wọ́n fi ṣe é náà ò pọ̀, bíi mílíọ̀nù 6 dọ́là ni, nígbà tí apá kejì tó jáde ní July 1991 gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 100, kò tíì sí fíìmù tó náni tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nínú apá kìíní, Arnold Schwarzenegger ni bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀tá inú fíìmù. Òun ni ẹ̀rọ tí wọ́n rán wá láti ọjọ́ iwájú pé kó pa Sarah Connor, kó má bàa bí ọmọ tó máa kó àwọn èèyàn jọ bá àwọn ẹ̀rọ jà. Tí ìbẹ̀rù Arnold yìí ò bá tíì wà lára yín, apá kejì ò lè dùn tó bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ gígùn fíìmù tó wà lọ́wọ́ yín wò, torí ẹ̀dà méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n gbé lọ sí sinimá ní 1991 jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 17, èyí tí wọ́n fi nǹkan kún ní 1993 fi bí ìṣẹ́jú 15 gùn jù ú lọ. Tẹ́nì kan bá wà láàárín yín tí ò wò ó rí, èyí tó kúrú ni kẹ́ ẹ gbé sí i, ó yá, kò sí ibi tó ti ń fà. Ẹ fi èyí tó gùn sí ọjọ́ mìíràn, torí ìran kan wà níbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò, ibi tí Sarah ti ń yọ nǹkan tí Arnold fi ń ronú kúrò lórí ẹ̀ níwájú díńgí. Kò sí díńgí kankan níbẹ̀! Ihò lásán ni wọ́n lu sí ògiri. Ìbejì ni Linda Hamilton tó ṣe Sarah, Leslie ni wọ́n ń pe èkejì ẹ̀, òun ló dúró lọ́dọ̀ kámẹ́rà pẹ̀lú ère tí wọ́n ṣe bí Arnold, tí Linda àti Arnold gidi sì jókòó sí òdìkejì bíi pé àwọn ni òjìji inú díńgí, tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò wá ń ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tá a mọyì ìbejì, ó yẹ ká pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìbejì mìíràn tún wà, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìwòsàn tí T-1000, ẹ̀rọ ọ̀tá inú apá kejì tó lè dà bí ẹnikẹ́ni, dà bíi rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ kọfí, àwọn méjèèjì tẹ́ ẹ rí yẹn, èèyàn gidi ni wọ́n, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Iná ńkọ́? Ẹ ti fún inverter lágbára dáadáa kílẹ̀ tó ṣú, tàbí kẹ́ ẹ gbé jẹ́nẹ́ jìnnà sẹ́yìn ilé, torí ohùn fíìmù yìí ṣe pàtàkì. Oscar mẹ́rin ló gbà, méjì nínú ẹ̀ jẹ́ ti ohùn. Ẹ má fi sípíkà fóònù wò ó, mo bẹ̀ yín. Níbi tí T-1000 ti gba àárín irin géètì kọjá, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, oúnjẹ ajá tó ń yọ̀ jáde nínú agolo ni Gary Rydstrom tó ṣiṣẹ́ lórí ohùn fíìmù náà fi ṣe é. Kẹ́ ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ din gúgúrú sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ní láti lọ sùn, àlá tí Sarah lá nípa bọ́ǹbù ò dáa fún ojú ọmọdé.

Ó wá kan bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó gan-an. Ní bí ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, kí gbogbo yín gbàgbé pé ẹ mọ ẹni tó jẹ́ ákítọ̀ àtẹni tó jẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹ má sọ fún ẹni tí ò wò ó rí, ẹ má sì jẹ́ kó wo ìpolówó fíìmù náà, torí ìpolówó yẹn ti tú àṣírí ẹ̀ látìgbà yẹn. Ọkùnrin méjì ló dé láti ọjọ́ iwájú, ọ̀kan lu àwọn èèyàn ní ilé ọtí, ó gba aṣọ, bàtà àti alùpùpù wọn, èkejì wọ aṣọ ọlọ́pàá, ó ń fi sùúrù béèrè John, ọmọ Sarah, lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́ ọ. Lọ́wọ́ ta lẹ máa fi ọmọ yín sí? James Cameron tó darí fíìmù náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi pàdé ọmọ náà ní ọ̀nà kóóró kan, tí Arnold yọ ìbọn láàárín òdòdó, tó ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú ẹni tí ò wò ó rí ni mo máa ń wò níbẹ̀, mi ò kí ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ lè dá fíìmù dúró lẹ́ẹ̀mejì péré. Níbi tí tírélà ti ń lé ọmọ náà nínú gọ́tà ńlá ní Los Angeles, ẹ wo bí òrùlé ẹ̀ ṣe ya lábẹ́ afárá, wọ́n dé ibẹ̀ ni wọ́n rí i pé ọkọ̀ náà ga jù, ni wọ́n bá fi kún ìtàn. Ní ìparí, níbi tí hẹlikọ́pítà ti gba abẹ́ afárá kọjá, awakọ̀ gidi ló fò ó, Chuck Tamburro lorúkọ ẹ̀. Mi ò kí ń fọwọ́ kan rìmóòtù níbòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹnu Robert Patrick tó ṣe T-1000 nígbà tó bá ń sáré, ó padé, bíi pé kò nílò èémí.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù ni ilé Dyson, ọkùnrin tí iṣẹ́ ẹ̀ ló máa bí àwọn ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn jà. Ọmọ ti mú kí Arnold búra pé òun ò ní pààyàn mọ́, ìyá ọmọ wá gbéra, ó ń lọ pààyàn. Iná pupa kékeré tó ń rìn lẹ́yìn Dyson, tẹ́ ẹ bá wo apá kìíní lánàá, ẹ ti mọ̀ ọ́n, irú èyí tó wà lára ìbọn tí Arnold fi ń wá Sarah nìyẹn. Ẹ wá wo bí Sarah ṣe wọlé, ojú ẹ̀ ò ṣẹ́, ìrìn ẹ̀ ò yá, bí ẹ̀rọ ló ṣe ń ṣe. Nígbà tí ọmọ Dyson bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ẹ̀ rọ, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń sunkún. Àìmọye ìgbà ni mo fi wo ibẹ̀ lọ́mọdé tí mo rò pé ìbọn nìkan ló wà níbẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ákítọ̀ kì í kú. Ẹ rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá dé ilé iṣẹ́ irin. Kẹ́nì kankan má ṣe tan iná lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí títì òru yẹn kọjá, kí orúkọ àwọn tó ṣe é máa gòkè, kí ìlù Brad Fiedel máa dún títí ó fi dákẹ́.