Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Bíréèkì Tó Rọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Bíréèkì tó ń wọlẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí a ní láti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú, kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ di ọjọ́ tí owó bá dé. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a kàn bu ọ́ìlì kún un, wọn a sì máa bá ìrìn wọn lọ. Ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣàdédé gbẹ: bó bá ń dín kù, yálà páàdì ti jẹ, tí ọ́ìlì fi rọra wálẹ̀ nínú agolo rẹ̀, tàbí ó ń jò níbì kan. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fi òkúta há táyà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, kí agbára tí búsítà (ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì) tọ́jú lè tán. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń rọra lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí kò sì sí ibi kankan tí ọ́ìlì ti ń jò síta, másítà bíréèkì (ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì lọ sínú páìpù nígbà tí a bá tẹ bíréèkì) ni kí ẹ fura sí, nítorí rọ́bà inú rẹ̀ kò di ọ́ìlì mú mọ́. Bí ó bá ń rọ̀, tó ń ta ẹsẹ̀ padà, tó sì ń le sí i bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù. Nínú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń lo dúróòmù (irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà), bí ọ̀pọ̀ Corolla ọdún 2003 sí 2008, láínìn (èyí tó ń fún mọ́ inú dúróòmù láti dá a dúró) tó jìnnà sí dúróòmù náà lè mú kí bíréèkì jìn kó tó mú. Títún láínìn sún mọ́ ọn ni ìwòsàn rẹ̀, kì í ṣe títú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá wá ṣíná ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà lórí bíréèkì, tó sì rẹlẹ̀ díẹ̀, búsítà ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Ẹ wá ibi tó ń jò: ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan, ara họ́ọ̀sì, kálípà, àti ibi tí másítà ti so mọ́ búsítà. Ohun tó bá ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tú afẹ́fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ náà yóò tún padà wọlé.

Fún títú afẹ́fẹ́, ẹ nílò ẹnìkejì, sípánà tó bá nípù (ẹnu kékeré tó wà ní ẹ̀yìn táyà, tí a ń tú kí afẹ́fẹ́ lè jáde) mu (8 tàbí 10 ló wọ́pọ̀), họ́ọ̀sì róbótó tó mọ́ gaara, ìgò, àti ọ́ìlì tuntun tí a kò tíì ṣí. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ìdérí agolo ọ́ìlì náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ irú èyí tí ọkọ̀ ń lò, DOT 3 tàbí DOT 4. DOT 5 kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, kí ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ wọn. Kí ẹ má sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí omi dípò rẹ̀ láé, nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa ba rọ́bà jẹ́.

Táyà tó jìnnà jù lọ sí másítà ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ yín wò, nítorí ètò wọn kò dọ́gba. Ẹ ti họ́ọ̀sì bọ nípù, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ kejì sínú ọ́ìlì díẹ̀ nínú ìgò. Ẹnìkejì yóò rọra tẹ bíréèkì, yóò sì dì í mú. Ẹ tú nípù díẹ̀, kí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì dí i pa kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: bó bá gbé ẹsẹ̀ nígbà tí nípù ṣì ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò tún fà wọlé. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, kó má tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí ìpẹtà inú másítà lè gé rọ́bà. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìfófòó kò fi ní sí nínú họ́ọ̀sì mọ́, kí ẹ sì máa bu ọ́ìlì sínú agolo, kó má gbẹ.

Ọ́ìlì tó pẹ́ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti fa omi lè hó ní nǹkan bí 140°C, tí bíréèkì yóò fi rọ̀ ní orí òkè tí a ń sọ̀ lọ. Àwọ̀ ọ́ìlì tó dúdú jẹ́ àmì tó tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ta sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ yára fi omi ṣàn án.

Bí bíréèkì bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn èyí, tí ọkọ̀ náà sì ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì gan-an), afẹ́fẹ́ lè wà nínú ABS náà, èyí tó sábà ń béèrè ẹ̀rọ àyẹ̀wò mẹkáníìkì. Ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì ní ojú kan, kó le, kí ẹ tó rọra wà á yí ká àgbàlá, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹ tó bọ́ sí títì.