Nígbà Tí Ìbọn Afẹ́fẹ́ Kò Bá Yọ Àbàwọ́n Lára Ìjókòó Ọkọ̀

Ìbéèrè: Epo pupa dà sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Mo fi ìbọn afẹ́fẹ́ (irinṣẹ́ tí ń fi afẹ́fẹ́ àti omi ọsẹ fọ inú ọkọ̀) tí a so mọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tí ń fún un ní afẹ́fẹ́, fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́, àmọ́ nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, àbàwọ́n náà ti tún yọjú, ó sì fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Epo náà kò kúrò lára ìjókòó, inú fóòmù ni ẹ lé e wọ̀. Bí ẹ bá wo ẹnu ìbọn náà dáadáa, ẹ ó rí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń mú yí bírí. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré jáde ni ó ń fa omi ọsẹ láti inú ike ìsàlẹ̀, tí rọ́bà náà ń fọ́n ọn ká wẹ́wẹ́, tí ó sì ń gbọn òwú aṣọ títí ìdọ̀tí tó rọ̀ mọ́ ọn yóò fi tú. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Ọsẹ ló ń ya epo kúrò lára òwú, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ gba èyí tó bá tú, nítorí pé bí ojú aṣọ bá ti ń gbẹ, yóò máa fa omi ìsàlẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì, epo yóò sì bá a gòkè.

Ẹ kán ọsẹ ìfọwo díẹ̀ sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Ẹ mú ẹnu ìbọn sún mọ́ aṣọ tó ìwọ̀n íǹṣì kan, kí ẹ máa ti etí àbàwọ́n bọ̀ sí àárín, kí ọwọ́ kejì sì máa fi táwẹ̀lì funfun tẹ ibẹ̀. Táwẹ̀lì náà yóò pọ́n. Ẹ máa yí i sí ojú tó mọ́, kí ẹ má ṣe dáwọ́ dúró títí kò fi ní gba àwọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi lásán sínú ike dípò ọsẹ láti fi ṣan án, torí pé ọsẹ tó bá ṣẹ́ kù máa ń gba eruku mọ́ra. Ẹ wá ti omi pa, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ nìkan fẹ́ ẹ títí yóò fi gbẹ.

Ìbéèrè: Ìbọn tèmi ń mí lásán ni, kò lágbára.

Ìdáhùn: Ẹ wo gééjì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ ìbọn náà mọ́lẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ó wà nísinmi. Púpọ̀ nínú irú ìbọn yìí ń fẹ́ nǹkan bí 90 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tó wà lójú gééjì) láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá já wálẹ̀ wàrà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín kéré. Èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà láti inú ọkọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí rárá.

Ìbéèrè: Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni mo ti lò ó, àmì pupa rúsúrúsú sì wà lórí aṣọ báyìí.

Ìdáhùn: Omi inú táńkì tó ti dípẹtà ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ táńkì kí omi náà dà nù, kí wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí aṣọ funfun kí ó tó kan ìjókòó.

Ìbéèrè: Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Omi tútù nìkan ni kí ẹ lò. Omi gbígbóná yóò mú kí ó dì mọ́ òwú.