Ayé méjì, ọ̀run mélòó? Bí mo ṣe tò ó fún ẹgbẹ́ eré D&D wa
D&D (Dungeons & Dragons) jẹ́ eré ìtàn tí aṣeré kọ̀ọ̀kan ti ń darí ẹ̀dá kan tó ṣe, tí a sì ń da dáìsì; èmi ni mò ń darí ìtàn tiwa. Forgotten Realms, ọ̀kan nínú àwọn ayé àròsọ eré náà, ni a ti ń ṣeré, àwọn aṣeré márùn-ún sì fẹ́ kí ẹ̀dá wọn ré kọjá sí Eberron, ayé àròsọ mìíràn. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, mo ní láti mọ̀ bóyá ayé méjèèjì á jọ lo ọ̀run kan, tàbí kí kálukú dá tirẹ̀ ní.

N kò bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́. Ìbéèrè yẹn kì í mú ìdáhùn gidi wá. Mẹ́ta ni mo kọ sí bébà, kálukú sì dáhùn lọ́tọ̀: ẹ̀dá rẹ bá kú, níbo ni ọkàn rẹ̀ ń lọ? Ṣé òrìṣà rẹ ń gbọ́ ọ ní ayé kejì? Báwo ló ṣe yẹ kí ọ̀nà àbọ̀ le tó?

Ti òrìṣà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àwòrò fẹ́ kí òrìṣà wọn dé ibi gbogbo. Àwọn tó fẹ́ràn Eberron kọ̀, torí níbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òrìṣà wà, iyèméjì yẹn gan-an sì ni adùn ibẹ̀. Mo gbè wọ́n lẹ́yìn. Agbára ọfọ̀ àwòrò kò dín, ṣùgbọ́n bó bá pe Commune, ọfọ̀ tí àwòrò fi ń bi òrìṣà rẹ̀ ní ìbéèrè, ní Eberron, kò sí ìdáhùn.

Ní ti ikú, nínú Great Wheel, ìtò ọ̀run tí Forgotten Realms ń lò, ìsálú 16 (ìsálú ni mo pe ayé kọ̀ọ̀kan tó dá dúró lọ́tọ̀) ló yí Outlands, ìsálú àárín, ká, ìwà àti òrìṣà ẹni ló sì ń sọ ibi tí ọkàn ń gbà. Ìsálú 13 ni ti Eberron. Dolurrh, ọ̀kan nínú wọn, ni òkú ń lọ, ibẹ̀ sì ni ìrántí wọn ti ń ṣá. Mo gbìyànjú láti há 13 náà sínú 16, Dolurrh kò gbà. Mo wá fi ọ̀run sílẹ̀ ní méjì: ayé tí o bá kú sí ló ni ọkàn rẹ.

Banishment, ọfọ̀ tó ń lé ẹni kúrò ní ìsálú tó wà, ló fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Nínú òfin eré náà ti ọdún 2014, bí ẹni tí wọ́n fi ṣe bá ti ìsálú mìíràn wá, tí ọfọ̀ náà sì pé ìṣẹ́jú 1, ó padà sílé nìyẹn. Ọ̀tá lè fi ọfọ̀ ipele 4 lé aṣeré kúrò nínú ìtàn. Àwọn aṣeré náà lè sọ ọ́ di ọ̀nà àbọ̀ ọ̀fẹ́, nígbà tí Plane Shift, ọfọ̀ ìrìnàjò láti ìsálú kan sí òmíràn, jẹ́ ipele 7, tó sì ń béèrè ọ̀pá irin tó pẹ̀ka, tí iye rẹ̀ kò dín ní 250 owó wúrà. Nítorí náà, ní ti Banishment nìkan, mo ka ilẹ̀ ayé méjèèjì sí ìsálú kan: ẹni náà á pòórá fún ìṣẹ́jú 1, á sì padà síbi tó wà. Ọ̀pá irin tó bá Eberron mu kò sí lọ́jà. Wọ́n ní láti wá a rí.

Gbogbo rẹ̀ kún ojú ìwé kan. Mo pín in kí a tó da dáìsì àkọ́kọ́.