Owó ilé tí ìjọba ń gbà, ṣé ibi tó ò ń gbé tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, tí bíìlì owó ilé bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó kọ ọ́. Tenement rate, ìyẹn owó tí wọ́n ń bù lé ilé, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló fún wọn, ground rent, ìyẹn owó ilẹ̀ orí C of O (ìwé àṣẹ ilẹ̀), sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀, torí náà ẹ má kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gba rìsíìtì.

Lẹ́yìn náà ẹ mú bírò, ẹ kọ gbogbo owó tí àdúgbò yín ń jẹ lọ́dún. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bíìlì ẹni tó wà n'Íbarà GRA lè ju ti ẹni tó wà l'Ọ́báńtokò lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ Òkè-Mọ́sàn níbi ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀, tó jìnnà s'Ọ́báńtokò ju Ìbarà lọ, lẹ ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́, ẹ ṣírò owó ọ̀kadà àti taksí fún oṣù méjìlá kẹ́ ẹ wá fi wé e. Ẹ ka omi mọ́ ọn o, torí ilẹ̀ Abẹ́òkúta yìí àpáta ni, gbígbẹ́ bọ̀hóòlù kì í ṣe owó kékeré rárá. Epo jẹnẹrétọ̀, owó ọlọ́dẹ, owó tí lándílọ́ọ̀dù ń dá tún ọ̀nà ṣe, gbogbo ẹ̀ náà lowó orí.

Àgbàrá ńkọ́? Ilé ẹ̀bá odò Ṣókòrí lè má wọ́n, àmọ́ àwọn tí omi tó ya l'Abẹ́òkúta lọ́dún 2018 bá nílé mọ ohun tó bà jẹ́.

Ní tèmi, kò yẹ kéèyàn kó kúrò torí bíìlì nìkan. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ka yàrá tí kò sí níbẹ̀ kún ilé yín nínú bíìlì, ẹ tètè kọ lẹ́tà lọ bá ẹni tó kọ bíìlì náà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀.