Ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ òfin: bẹ́ ẹ ṣe lè ka òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tó fi máa yé yín

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ òfin tí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn sì wà nínú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé òun àti òfin ìwà ọ̀daràn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Òfin ìwà ọ̀daràn ló ń sọ ohun tó ń jẹ́ olè, ohun tó ń jẹ́ ìpànìyàn, àti iye ọdún téèyàn máa fi ṣẹ̀wọ̀n. Èyí tá à ń sọ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá Lágbájá jalè lóòótọ́, ọlọ́pàá ló dojú kọ, òun àti agbẹjọ́rò ìjọba àti adájọ́ gan-an: kí lẹ ṣe fún ọkùnrin yìí, ta ló fún yín láṣẹ, ṣé ẹ ò sì kọjá àṣẹ náà? Ìbéèrè yìí náà ni gbogbo kwẹ́ṣọ̀n tí wọ́n bá gbé wá máa ń dà, bó ti wù kí wọ́n fi ìtàn yí i ká tó.

Torí náà kẹ́ ẹ tó há abala òfin kankan sórí, ẹ mú pépà kan, kẹ́ ẹ kọ ọ̀nà tí ẹjọ́ ń tọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: wọ́n fura sí èèyàn, wọ́n ṣèwádìí, wọ́n mú un, wọ́n fi sí àhámọ́, wọ́n fẹ̀sùn kàn án, wọ́n gbọ́ ẹjọ́, adájọ́ dájọ́, ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn gbé e lọ sókè. Lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà abala tó jẹ mọ́ ọn nínú òfin orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹni tó láṣẹ níbẹ̀, àti àkókò tí òfin fún un. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àhámọ́ bí àpẹẹrẹ. Ní Japan, ọlọ́pàá tó mú èèyàn ní wákàtí 48 láti fà á lé agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́, agbẹjọ́rò ìjọba ní wákàtí 24 láti lọ bá adájọ́, adájọ́ lè fún un ní ọjọ́ 10, ó tún lè fi 10 mìíràn lé e, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń sọ pé ọjọ́ 23 kí wọ́n tó fẹ̀sùn kàn án. Ní Nàìjíríà, abala 35 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé láàárín ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kọ́ọ̀tù tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kọ́ọ̀tù bá rí pé ó tọ́. Lójú tèmi, iye wákàtí yẹn kọ́ ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, ẹni tó ń fọwọ́ sí i ni: bí ọjọ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣẹ ń kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá bọ́ sọ́wọ́ adájọ́. Tí èyí bá ti yé yín, nọ́ńbà ò ní ṣòroó rántí mọ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń mú àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ipá. Ṣé ohun tí ọlọ́pàá ṣe yìí nílò wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti kọ́ọ̀tù, àbí kò nílò ẹ̀? Ẹjọ́ kan wà ní Japan lọ́dún 1976 tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kódà tí kì í bá ṣe ibẹ̀ lẹ ti ń kàwé: ọlọ́pàá fura pé ọkùnrin kan mutí wa mọ́tò, ó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n fi èémí òun yẹ òun wò, ó fẹ́ jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá, ni ọlọ́pàá bá di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kì í ṣe gbogbo ìfọwọ́kàn ló jẹ́ ipá tí òfin ń béèrè àṣẹ pàtàkì fún, èyí tó bá tẹ ìfẹ́ inú ẹni náà rì, tó sì dí ara ẹ̀, ilé ẹ̀ tàbí dúkìá ẹ̀ lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n kódà èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, a ṣì máa wò ó bóyá ó pọn dandan, bóyá ó jẹ́ ohun tí kò ṣeé dúró dè, bóyá ó sì bójú mu. Ẹ rí i pé ìgbésẹ̀ méjì ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa dáhùn ti àkọ́kọ́ tán, wọ́n á gbé bírò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, náà wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà dá a lẹ́jọ́ lọ́dún 2012 nínú ẹjọ́ United States v. Jones pé lílẹ̀ tí wọ́n lẹ ẹ̀rọ náà mọ́ mọ́tò èèyàn láti máa fi ṣọ́ ọ, ohun tí òfin ń pè ní títú nǹkan èèyàn wò ni, torí wọ́n fọwọ́ kan dúkìá ẹ̀. Japan dé ibì kan náà lọ́dún 2017, àmọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ìgbé ayé èèyàn ni wọ́n gùn lé ní tiwọn. Tí kwẹ́ṣọ̀n bá gbé ẹ̀rọ tuntun kan wá tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí, ẹ má jáyà, ọ̀nà méjèèjì yìí lẹ máa fi wò ó: kí ló fọwọ́ kàn, kí ló sì tú síta.

Ẹ̀rí tí wọ́n rí lọ́nà àìtọ́ ńkọ́? Níbí ni máàkì ti ń dànù sha, torí wọ́n á kàn kọ̀wé pé “ọlọ́pàá rú òfin, nítorí náà ẹ̀rí ò wúlò.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Mapp v. Ohio ọdún 1961 ní kí àwọn kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ pàápàá máa lé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fàyè gba àwọn kan. Japan lọ́dún 1978 ní ó dìgbà tí àìtọ́ náà bá le gan-an, tó sì yẹ ká lé e dànù kí ọlọ́pàá má baà tún un ṣe, àní nínú ẹjọ́ yẹn gan-an, wọ́n gbà pé ọlọ́pàá rú òfin, wọ́n sì tún gba ẹ̀rí náà wọlé! Nàìjíríà ní tiẹ̀, abala 14 àti 15 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ní kí adájọ́ gbé àǹfààní tó wà nínú gbígba ẹ̀rí náà àti aburú ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i sórí ìwọ̀n. Torí náà ẹ sọ bí àìtọ́ náà ṣe le tó, ẹ sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, kẹ́ ẹ tó sọ ibi tẹ́ ẹ fì sí.

Ẹ̀rí àgbọ́sọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tí ẹlẹ́rìí wá ń tún sọ ní kọ́ọ̀tù, ò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Ẹ ṣáà bi ara yín pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Tí ẹlẹ́rìí bá ní “Tàmẹ̀dù sọ fún mi pé Lágbájá ló gún òun lọ́bẹ,” tó bá jẹ́ láti fi hàn pé Lágbájá gún un ni, àgbọ́sọ ni. Tó bá jẹ́ láti fi hàn pé Tàmẹ̀dù ṣì lè sọ̀rọ̀ láago yẹn ni, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Tó bá di ọ̀rọ̀ kíkọ, ẹ pín ohun tí ọlọ́pàá ṣe sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dá a dúró, ó tú báàgì ẹ̀, ó mú un, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀: mẹ́rin nìyẹn, ẹ má pa wọ́n pọ̀ dá lẹ́jọ́ kan ṣoṣo. Fún ìkọ̀ọ̀kan ẹ kọ ohun tí òfin wí, kẹ́ ẹ wá mú ọ̀rọ̀ inú ìtàn wá síbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé òru ni, tàbí pé báàgì náà ti zíìpù, tàbí pé ọlọ́pàá mẹ́ta ló yí i ká, ẹni tó ṣe kwẹ́ṣọ̀n náà ò kàn kọ ọ́ lásán, ó fẹ́ rí i kẹ́ ẹ lò ó ni. Èmi máa ń fàlà sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tó bá kù tí mi ò tíì lò nígbà tí mo bá kọ̀wé tán, mo máa padà wá àyè fún un. Ẹ fi kwẹ́ṣọ̀n ọdún tó ti kọjá dánra wò, ẹ fọwọ́ kọ ọ́ sórí pépà kẹ́ ẹ sì gbé aago síwájú, torí kíka ìdáhùn ẹlòmíì ká máa mi orí pé a mọ̀ ọ́n yẹn, ọwọ́ ò ní mọ̀ ọ́n kọ lọ́jọ́ ìdánwò.